Turner, Ọmọ Onígbàjámọ̀ Tó Fi Pẹ́ńsù Tọ́jú Afárá Òkúta

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe jagunjagun. Ayàwòrán ni. Joseph Mallord William Turner ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni.

Àwọn tó bá ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n mọ àwọn àwòrán ńláńlá tó kún fún iná, èéfín, ìjì òkun àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan ni a fẹ́ gbà wọ inú ìtàn rẹ̀. Ohun náà ni àwòrán afárá òkúta kan tó fi pẹ́ńsù yà sínú ìwé ní ọdún 1802, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 27. Afárá náà ti wó tipẹ́tipẹ́. Àwòrán náà wà títí di òní olónìí.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ọdún 1775 ni wọ́n bí Turner ní òpópónà Maiden Lane, ní àdúgbò Covent Garden, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Onígbàjámọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó ń fá irùngbọ̀n fún àwọn ènìyàn, ó sì ń ṣe wíìgì tí àwọn gbajúmọ̀ ayé ìgbà náà máa ń dé sórí. Iṣẹ́ tí ń mú oúnjẹ wálé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́rọ̀.

Ilé náà kò tòrò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú ní ọdún 1783 nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Ìyá rẹ̀, Mary Marshall, ní àìsàn ọpọlọ. Bí inú bá ń bí i, apá ẹnikẹ́ni kì í ká a. Nígbà tí Turner tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n mú un kúrò nílé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan, alápatà ní ìlú Brentford. Ní ọdún 1800, wọ́n gba ìyá náà sí Bethlem, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ara rẹ̀ kò padà yá mọ́ títí tó fi kú ní ọdún 1804. Turner kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lójú ẹnikẹ́ni títí dọ́jọ́ alẹ́.

Bàbá rẹ̀ ló dúró tì í. Onígbàjámọ̀ yìí rí i pé ọwọ́ ọmọ òun ń ya àwòrán ju ti ọmọdé lọ. Kò ní kí ọmọ náà sọ ìwé sílẹ̀ kó wá gbá irun nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń fi àwòrán ọmọ náà kọ́ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn tó wá fá irùngbọ̀n ní ṣílè kan, ṣílè méjì, ṣílè mẹ́ta. Ẹyin ló ń di àkùkọ. Ibi fèrèsé onígbàjámọ̀ ni iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀.

BÓ ṢE KỌ́ IṢẸ́

Ní oṣù kejìlá ọdún 1789, Turner wọ ilé ẹ̀kọ́ Royal Academy. Ọmọ ọdún 14 péré ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba àwòrán rẹ̀ kan síbi ìpàtẹ ọdọọdún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó tún kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Thomas Malton, ẹni tó mọ bí a ti ń ya ilé àti òpópónà, kí ohun tó jìnnà kéré bó ti yẹ kó kéré, kí igun ilé sì dúró gbọn-in. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn afárá rẹ̀ dà bí ohun tí ènìyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé.

Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ mìíràn wà ní ilé dókítà kan tó ń jẹ́ Thomas Monro. Ní alẹ́, dókítà yìí máa ń pe àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán wá sílé rẹ̀ láti da àwòrán àwọn àgbà kọ. Turner àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Girtin, tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, a jọ jókòó. Girtin a fi pẹ́ńsù fa ìlà, Turner a fi ọ̀dà olómi kùn ún. Ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́fà ni owó iṣẹ́ Turner fún alẹ́ kan, pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Nínú àwọn àwòrán tí wọ́n ń dà kọ ni ti John Robert Cozens wà, ẹni tó ti lọ sí àwọn òkè ńláńlá ilẹ̀ Switzerland. Bẹ́ẹ̀ ni Turner ṣe fi ọwọ́ kùn òkè tí ojú rẹ̀ kò tíì rí.

Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di àṣà pé bí ìgbà ẹ̀rùn bá dé, yóò jáde kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Yóò fi ẹsẹ̀ rìn, yóò wọ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, pẹ́ńsù àti ìwé yóò sì wà nínú àpò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ògiri ilé olódi, àti afárá ni ó ń wá kiri. Bí òtútù bá dé, yóò padà sílé, yóò fi ọ̀dà sọ àwọn ìlà pẹ́ńsù náà di àwòrán tó ṣeé tà.

Ní ọdún 1794, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ gbé e dé ìlú Shrewsbury, níbi tí afárá òkúta àtijọ́ kan wà lórí odò Severn. Old Welsh Bridge ni wọ́n ń pè é. Ayé ti ń fi afárá náà sílẹ̀ nígbà náà, nítorí wọ́n ti ń kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Turner ya àtijọ́, ó sì jẹ́ kí tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ hàn lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, wọ́n wó ti àtijọ́ kanlẹ̀. Ẹni ọdún 19 ni ayàwòrán náà, ó sì ti ń dé ibi tí nǹkan ti ń parẹ́ kí ó tó parẹ́.

AFÁRÁ BÌLÍSÌ

Ní ọdún 1802, oríire méjì bá Turner. Àkọ́kọ́ ni pé Royal Academy sọ ọ́ di ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́, ó di ẹni tó ń fi R.A. sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Èkejì ni pé ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Amiens. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lè rìn fàlàlà ní ilẹ̀ Faransé. Bí ọ̀nà ṣe là báyìí, Turner kò fi falẹ̀. Àwọn ọlọ́lá kan fún un lówó, ó sì gbéra ní oṣù keje. Kó tó padà ní oṣù kẹwàá, ó ti ya àwòrán tó lé ní 400 sínú àwọn ìwé tó gbé lọ.

Níbi ìrìn àjò yìí ló ti dé àfonífojì Schöllenen, ní ọ̀nà òkè St Gotthard ní ilẹ̀ Switzerland. Ibẹ̀ ni odò Reuss ti ń já ṣòòròṣò láàrin àpáta méjì. Òkúta dúdú ga lápá ọ̀tún, òkúta dúdú ga lápá òsì, omi ń hó gùdù nísàlẹ̀. Láàrin méjèèjì ni afárá òkúta tóóró kan gbé dábùú. Láti ọdún 1595 ni wọ́n ti fi òkúta kọ́ ọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń lo ti igi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò àti arìnrìn-àjò ń gbà kọjá láàrin Ítálì àti àwọn ilẹ̀ tó wà ní àríwá.

Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ ni Afárá Bìlísì. Kí ẹnikẹ́ni má ṣi wá gbọ́ o, kì í ṣe Èṣù Láàlú tiwa ni wọ́n ń bá wí, Sàtánì inú Bíbélì ni. Ìtàn wọn sọ pé afárá kíkọ́ síbẹ̀ sú ènìyàn, ni Bìlísì bá ní òun yóò bá wọn kọ́ ọ, kìkì pé ẹ̀mí àkọ́kọ́ tó bá gba orí rẹ̀ kọjá yóò jẹ́ tòun. Nígbà tó kọ́ ọ tán, àwọn ará ìlú lé òbúkọ kan ṣíwájú. Bí ìjàpá bá gbọ́, yóò pàtẹ́wọ́ fún wọn. Inú bí Bìlísì, ó gbé òkúta ńlá kan láti fi fọ́ afárá náà, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dé ibẹ̀. Òkúta ọ̀hún wà níbẹ̀ di òní. Ìwọ̀n rẹ̀ tó 220 tọ́ọ̀nù. Ní ọdún 1977, nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà mọ́tò tuntun, wọ́n náwó rẹpẹtẹ láti sún un ní nǹkan bí mítà 127 kí wọ́n má bàa fọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ afárá yìí kì í ṣe àlọ́ nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1799, ọdún mẹ́ta péré kí Turner tó débẹ̀, ọmọ ogun Rọ́ṣíà tí ọ̀gágun Suvorov ń darí bá àwọn ọmọ ogun Faransé jà níbẹ̀ gan-an. Ogun náà ba ibẹ̀ jẹ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ni Turner wá dúró sí pẹ̀lú pẹ́ńsù.

Ìwé tó lò, ó ti kùn ojú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Ó fi pẹ́ńsù fa àpáta, ó fa afárá, ó sì fi ọ̀dà díẹ̀ kún àwọn kan. Kò dúró sí ojú kan. Ó wo afárá náà láti òkèèrè, nígbà tó dà bí okùn tín-ín-rín tí wọ́n so mọ́ àpáta. Ó tún gun orí rẹ̀, ó wo ọ̀gbun tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tó délé, ó fi òróró àti ọ̀dà ya àwòrán ńlá méjì láti inú rẹ̀, ọ̀kan láti òkèèrè, èkejì láti orí afárá. Ẹni tó bá wo èkejì, ẹ̀rù yóò bà á bí ẹni pé òun gan-an ló wà lẹ́bàá ọ̀gbun.

Ọdún 1830 ni wọ́n parí afárá tuntun sí òkè ti àtijọ́. Nígbà tí Turner tún gba ọ̀nà náà ní àwọn ọdún 1840, méjèèjì ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń tọ́jú ti àtijọ́ mọ́. Ní ọdún 1888, ó wó sínú odò. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí afárá ọdún 1595 ti rí, ọ̀dọ̀ Turner àti àwọn ayàwòrán bíi tirẹ̀ ni yóò lọ.

KÍ LÓ DÉ TÓ JẸ́ PẸ́ŃSÙ?

Àwọn kan lè béèrè pé kí ló dé tí ẹni tó mọ ọ̀dà í lò tó báyìí ń fi pẹ́ńsù ṣe wàhálà. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ọ̀dà ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ ìjókòó, ó ń fẹ́ àkókò kí ó tó gbẹ. Pẹ́ńsù kò fẹ́ ọ̀kankan nínú wọn. Ènìyàn lè lò ó lórí ìdúró, nínú ọkọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Nígbà tí Turner wà ní ìlú Naples ní ọdún 1819, ó ṣàlàyé fún ẹnì kan pé àkókò tí òun yóò fi kùn àwòrán ẹyọ kan ní ọ̀dà níta, òun yóò ti fi pẹ́ńsù ya 15 tàbí 16.

Ní ọdún 1819 yìí kan náà, ó ya afárá Rialto ní ìlú Venice. Ní àwọn ọdún mìíràn, ó ya afárá òkúta ìlú Coblenz lórí odò Moselle, ó sì ya ti Heidelberg. Bó bá dé ìlú kan, yóò wo afárá náà láti òkè odò, yóò wò ó láti ìsàlẹ̀ odò, yóò rékọjá, yóò tún wẹ̀yìn. Ìlà díẹ̀ ló ń fà, nígbà mìíràn a kọ orúkọ àwọ̀ síbi tó yẹ. Yóò ṣí ìwé náà lẹ́yìn ogún ọdún, yóò sì rántí ohun gbogbo. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbà tó kú, nǹkan bí 300 ìwé àwòrán bẹ́ẹ̀ ló fi sílẹ̀.

OWÓ ẸRÚ ÀTI ỌKỌ̀ ẸRÚ

Ìtàn ènìyàn kì í ṣe oyin nìkan, ibi kan wà nínú ti Turner tó yẹ kí àwa ọmọ adúláwọ̀ mọ̀. Ní ọdún 1805, ọdún kẹta tó ti Afárá Bìlísì dé, Turner fi 100 pọ́n-ùn dókòòwò ní oko ẹran ọ̀sìn kan ní erékùṣù Jàmáíkà. Àwọn ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa àti àwọn tí wọ́n bí sínú ẹrú. Ọmọ onígbàjámọ̀ tó mọ bí ìyà ti rí kò bìkítà nígbà náà nípa ẹ̀yìn ta ni èrè òun yóò ti jáde. Òwò náà forí ṣánpọ́n.

Lẹ́yìn ọdún 35, ní ọdún 1840, Turner kan náà gbé àwòrán kan síbi ìpàtẹ Royal Academy tó mú àwọn ènìyàn lanu. Àwòrán ọkọ̀ ẹrú ni. Ìjì ń bọ̀, oòrùn ń wọ̀, ojú òkun pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti ju àwọn ẹrú tó ń ṣàìsàn àti àwọn tó ti kú sínú omi, ọwọ́ wọn àti ẹsẹ̀ tí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà ń yọ lójú omi, ẹja ń ya lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Zong ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1781 ni àwọn atukọ̀ Zong ju ènìyàn tó lé ní 130 sínú òkun láàyè, tí àwọn tó ni ọkọ̀ sì lọ ń béèrè owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò lórí wọn bí ẹni pé ẹrù ni wọ́n.

A kò sọ pé àwòrán náà san gbèsè ọdún 1805. Èyí kò wẹ èyí nù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ méjèèjì, nítorí ọwọ́ kan náà tó gba ìwé ìpín oko ẹrú ló ya ìwà ìkà náà síta kí gbogbo ayé lè rí i. Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni àwòrán ọ̀hún wà báyìí.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀

Turner kò gbé ìyàwó sílé rí, ṣùgbọ́n ó bí ọmọbìnrin méjì. Nígbà tí bàbá rẹ̀ pa ṣọ́ọ̀bù tì, ọ̀dọ̀ ọmọ ló wá ń gbé. Ó ń bá a na aṣọ àwòrán mọ́ igi, ó ń bá a kùn wọ́n ní ọ̀dà ìkẹyìn, bí ẹni pé òun ni ọmọṣẹ́. Nígbà tí bàbá náà kú ní ọdún 1829, ọkàn Turner gbọgbẹ́ púpọ̀.

Ní ọdún 1834, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jóná. Turner sáré lọ wò ó láti ẹ̀bá odò Thames. Nínú àwòrán méjì tó fi ọ̀ràn náà yà, afárá òkúta Westminster ló dábùú wọ inú iná náà, tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Ọdún 1750 ni wọ́n ṣí afárá yẹn. Òun náà kò sí mọ́, ní ọdún 1862 ni wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó ń gbé ní Chelsea lọ́dọ̀ opó kan tó ń jẹ́ Sophia Booth. Àwọn ará àdúgbò rò pé Ọ̀gbẹ́ni Booth ni, wọn kò mọ̀ pé ayàwòrán tó lókìkí jù lọ nílùú ló ń bá wọn gbé. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 1851, wọ́n sì sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Paul.

Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi owó òun tọ́jú àwọn ayàwòrán tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́, kí wọ́n sì kọ́ ilé fún àwọn àwòrán òun. Àwọn ẹbí gbé ọ̀ràn lọ sí kóòtù. Nígbà tí ẹjọ́ parí ní ọdún 1856, owó bọ́ sọ́wọ́ ẹbí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì di ti ìlú. Àwòrán ọlọ́dà òróró bíi 300 àti iṣẹ́ orí ìwé bíi 30,000 ni. Ọdún 1987 ni wọ́n tó ṣí ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn, Clore Gallery, ní Tate ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2020, àwòrán ojú rẹ̀ hàn lórí owó 20 pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kó tó di ìgbà yẹn, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní oṣù kìíní ọdún 1928, odò Thames kún, ó ya wọ ìsàlẹ̀ ilé Tate níbi tí wọ́n kó àwọn iṣẹ́ orí ìwé Turner sí. Omi bò wọ́n. Wọ́n rọra yọ wọ́n, wọ́n sá wọn gbẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì yè. Omi kì í tètè fọ ìlà pẹ́ńsù. Odò Reuss ló gbé afárá òkúta mì, odò Thames kò rí ìlà pẹ́ńsù gbé mì.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, gbogbo wa ò lè ya àwòrán bíi Turner. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ní pẹ́ńsù. A máa ń fi sílẹ̀ nínú àpò di ìgbà ìdánwò, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó yẹ kó kọ ń lọ lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ wo agbo ilé tí ògiri amọ̀ rẹ̀ ti ń là, ẹ wo afárá tí àwọn bàbá wa ń gbà lọ sóko, tí omi ti ń jẹ nídìí. Ẹ wo ìyá àgbà tó mọ oríkì ìdílé láti orí dé ìdí, tí a kò tíì jókòó tì. Wọn kì í kígbe pé àwọn ń lọ. Turner kò mọ̀ pé afárá ọdún 1595 yóò wó. Ó kàn yà á nígbà tó dé ibẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà níbi 100 pọ́n-ùn ọdún 1805. Ọgbọ́n orí àti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í dáàbò bo ènìyàn kúrò nínú ìwà àìbìkítà. Àwa tí a ń kàwé láti rówó jẹ lọ́la, ẹ jẹ́ kí a máa béèrè ibi tí owó náà ti wá kí a tó na ọwọ́ gbà á.

Ẹ kú ìsinmi tó ń bọ̀ lọ́nà o. Ẹ má gbàgbé pẹ́ńsù yín sílé.